Ibo lo fẹ́ gbìn ín sí, omi wo lo fẹ́ fi rin ín?

Bẹẹrẹ ni mo wà, nínú yàrá tó kọjú sí títì. Bí ẹ bá gbọ́ ìwo míkírà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ má pè é ní orin o.

Ohùn kan tó wọlé sórí WhatsApp wa ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ọmọkùnrin ni, ó ti jáde nílé ìwé gíga, kò sì tíì ríṣẹ́. Ó ní bàbá òun fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà Àkànrán kó tó kú, odò kékeré kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà kọjá. Ó wá ní, "Bùọ̀dá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo fẹ́ gbin nǹkan yẹn. Irú ibo ló dáa kéèyàn gbìn ín sí tójú ò fi ní tó o? Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, báwo ni wọ́n ṣe ń bomi rin ín?"

"Nǹkan yẹn" ni igbó. Gbánà. Ẹ ò rí i pé orúkọ tí Yorùbá fún un gan-an ti sọ ibi tó ń gbé. Bí màmá ẹni bá pè, tó béèrè pé níbo lo wà, tó o ní inú igbó lo wà, kò lè mọ èyí tó o ń sọ.

Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni pé ìbéèrè méjèèjì tó bi mí dáa. Níbo? Omi wo? Ẹni tí ò bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní méjì yìí kó tó ra irúgbìn, owó rẹ̀ ló ń dà sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ gbìn nìkan ló bà á jẹ́.

Kí n tètè sọ ọ́: mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gbin igbó lórí ètò yìí. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ààfáà tàbí pásítọ̀. Mo mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ni, inú agbo ilé kan náà la ti dàgbà, orí ẹní kan náà la sì ń sùn nígbà tí a wà ní kékeré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ẹ jẹ́ n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹnìkan wá mú òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn láti àdúgbò lọ sí inú igbó kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ oko ni wọ́n pè é. Wọ́n ní tí wọ́n bá kórè tán ni wọn yóò sanwó. Ìgbà tó padà dé ló tó sọ bó ṣe rí fún mi, ó sì sọ nǹkan kan tí mi ò gbàgbé. Ó ní àgbẹ̀ gidi tó bá ń wá ibi tí yóò dá oko sí, ilẹ̀ ló máa ń wò. Yóò wo koríko tó hù níbẹ̀, yóò bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, yóò wo bí omi ṣe ń ṣàn. Ó ní àwọn tó kó àwọn lọ kì í wo ilẹ̀, ojú èèyàn ni wọ́n ń wò. Ibi tí ojú ò bá ti dé ni oko wà, ilẹ̀ ibẹ̀ ì báà dáa, ì báà burú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wọ inú igbó ìjọba, tí wọ́n ń gé igi tí kò sẹ́ni tó gbìn ín, tí ọ̀nà ò sì dé ibẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà ò bá wá dé ibi tí oko wà, ta ni yóò máa gbé omi? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kẹ́ẹ̀gì méjì lórí igi kan, léjìká, láti odò dé orí òkè, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àpá igi náà ṣì wà lára rẹ̀.

Àwọn agbófinró dé lówùúrọ̀ kùtù ọjọ́ kan. Ọ̀gá tó ni oko ò sí níbẹ̀. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ìnagijẹ ló mọ̀. Ẹni tó gbé omi ni wọ́n bá lóko, òun ni wọ́n mú, òun ló lọ ṣẹ̀wọ̀n. Kọ́bọ̀ kan ò wọlé nínú owó ìkórè. Ní ilé, ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè rí owó san fún lọ́yà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń tẹ̀wé ránṣẹ́ pé "wọ́n ti fọwọ́ sí i nílẹ̀ òkèèrè." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti fọwọ́ sí i láwọn ibì kan. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nílẹ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ ogun tó ti Burma àti Íńdíà bọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ló mú irúgbìn rẹ̀ wálé. Nígbà tó fi máa di 1966, ìjọba ológun ti gbé òfin kan jáde tó sọ pé ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 fún ẹni tó bá gbìn ín. Nítorí ewé o! Wọ́n dẹ òfin yẹn lọ́wọ́ ní 1975. Ní 1989 ni òfin tó dá NDLEA sílẹ̀ dé, òun ló wà nílẹ̀ títí di òní, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbin oògùn olóró. Àwọn adájọ́ kì í sábà fún èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lórí igbó, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ní 2019, gómìnà Oǹdó nígbà náà, Rótìmí Akérédolú, rìnrìn àjò lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn ìwòsàn, ọ̀gá NDLEA ìgbà náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ariwo sọ. Nígbà tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò ní oṣù kejìlá 2020 láti yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀rí tó le jù lọ, 27 gbà, 25 kọ̀. Gbogbo ìyẹn ò yí nǹkan kan padà lọ́nà Àkànrán. Bí wọ́n bá mú ọ lónìí, òfin wa ni wọn yóò fi dá ẹjọ́ rẹ, kì í ṣe ti Thailand.

Mi ò sì ní purọ́ fún yín pé kò sí ọjà. Ìwádìí tí UNODC àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde nípa ọdún 2018 sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 10.6 ló lo igbó ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Èèyàn tó pọ̀ tó báyìí kì í ra nǹkan láìsí ẹni tó ń gbìn ín. Owó wà níbẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé ọwọ́ ta ni owó náà ń dé? Mo mọ ọwọ́ tí kò dé.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí pé ìbéèrè ọmọ yẹn ní ìdáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sí ilé wa rí mọ ahoro tó wà lẹ́yìn agbo ilé. Ilé amọ̀ kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé bàbá bàbá bàbá wa kan, ó wó kí wọ́n tó bí mi. Irú ahoro bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Bẹẹrẹ, ní Ọjàaba, títí kan ẹsẹ̀ òkè Mápó: ògiri ti di òkìtì, páànù ti dípẹtà, ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ilé dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ahoro yẹn. Mo ní mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́: mo mú ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kí n tó ro ìgbésẹ̀ mẹ́ta, bàbá kan ti jáde láti yàrá rẹ̀, ó ní ta ló fún mi láyè? Ó ní wọ́n ti ń bá ẹnìkan dúnàádúrà lórí ilẹ̀ yẹn. Ní ìlú yìí, ilẹ̀ tó dà bíi pé kò ní olówó, ogójì èèyàn ló ni ín. Ọ̀dọ̀ mọ́gàjí wa ni ọ̀rọ̀ dé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mi ò kọ́lé, mi ò gbin igi, ẹ̀fọ́ tí ń jáde láàárín oṣù kan ni, ọjọ́ tí ẹbí bá ní kí n kúrò, màá kúrò. Wọ́n fún mi. Nítorí náà, kí o tó wo oòrùn, kí o tó wo omi, mọ ẹni tí o gbọ́dọ̀ kí. Ìwọ tó o ní ilẹ̀ bàbá ẹ ni, ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá ẹ gbà pé ilẹ̀ bàbá ẹ ni?

Oòrùn ló kàn. Ní Bẹẹrẹ, òrùlé kan ń fara kan òrùlé kejì, òjìji pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Mo fi ọjọ́ kan gbáko ṣe é: mo dúró níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ, mo fi eérú fa ìlà sí ibi tí òjìji ilé dé; mo tún lọ ní aago méjìlá, mo tún lọ ní aago mẹ́rin. Ibi tí oòrùn ti dúró tó wákàtí mẹ́fà ni mo fi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ò ti pọ̀, gbúre ni mo fi síbẹ̀, nítorí gbúre kì í ṣe ìyọnu. Àwọn ọmọ kékeré rò pé mo ń ṣoògùn. Ẹni tó bá rí ọ tó ń fi eérú fa ìlà ní ahoro, kín ni kó rò?

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ahoro dúdú, ó sanra, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ọdún gbọọrọ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ó láwọn nǹkan tí ojú ò tètè rí. Mo ṣa ìgò fífọ́, ìṣó, èédú, àti bátìrì iná tọ́ọ̀ṣì tó ti jò. Ibi tí mo ti rí bátìrì yẹn, mo kó erùpẹ̀ ibẹ̀ dànù, mi ò gbin nǹkan kan sí i. Ẹ̀fọ́ tó ń ṣewé máa ń fa ohun tó wà nílẹ̀ wọlé. Bí ẹnìkan bá ti tún bátìrì mọ́tò ṣe rí níbì kan, tàbí tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì dúdú síbẹ̀, má gbin ohun tí èèyàn yóò jẹ sí i, kódà tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dúdú bí kóló.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń gba omi? Gbẹ́ ihò tó jìn bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ sí ọwọ́. Da omi kún un, jẹ́ kó fà tán. Tún da omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá wo aago. Bí omi bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yanrìn ni, wàá máa bomi rin ín títí wàá fi sá. Bí omi bá ṣì dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, amọ̀ ni tàbí ibi tí omi ń sun, gbòǹgbò yóò jẹrà. Bó bá gbà á ní wákàtí kan, méjì, mẹ́ta, o ti ríbi.

Wàyí o, omi. Ibi tí mo ti gba ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù nìyí.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí mo gbin ẹ̀fọ́, kànga ilé wa lọ sílẹ̀, ó ku díẹ̀ kó kan erùpẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ní kànga yẹn, mímu àti fífọṣọ ló wà fún, kì í ṣe ẹ̀fọ́ tèmi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo bá mú kẹ́ẹ̀gì, mo lọ ń pọn omi níbi odò kékeré kan tó ń gba àárín ilé kọjá nísàlẹ̀ wa. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ẹ̀fọ́ yẹn ṣe dáa. Tẹ̀tẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ baba. Mo já ti àkọ́kọ́, mo gbé e lọ fún ìyá wa àgbà, mo rò pé wọn yóò gbàdúrà fún mi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Omi wo lo fi rin ín?" Mo ní omi odò ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Odò tí gbogbo ṣáláńgá ń ṣí sí? Ṣé o fẹ́ kí n jẹ ìgbẹ́ Ọjàaba ni?" Wọ́n gbé abọ́ náà padà sí mi lọ́wọ́. Níwájú gbogbo ilé!

Mo bínú lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo ronú, mo mọ̀ pé wọ́n jàre. Ìdí tí ẹ̀fọ́ fi dáa ni ìdí tí kò fi yẹ ní jíjẹ. Omi tó ti kó ìdọ̀tí àti ìgbọ̀nsẹ̀, ajílẹ̀ ni fún ẹ̀fọ́, àrùn sì ni fún èèyàn: àrùn onígbá-méjì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, aràn inú. Ewé ẹ̀fọ́ wà nílẹ̀, omi ń ta sí i lára, o sì mọ̀ pé àwọn kan máa ń rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ láìfọ̀ ọ́ dáadáa. Mo hú gbogbo bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin iṣẹ́ ló lọ.

Ìyá àgbà ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ odò rárá. Ní 31 oṣù kẹjọ 1980 tí Ògùnpa kún, a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, omi ò dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ kejì láti wá ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń tajà létí odò. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n rí. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, tí òjò tún rọ̀ tí Ìbàdàn sì kún lẹ́ẹ̀kan sí i, tí èèyàn tó lé ní 100 kú, èmi náà ti gbọ́n, mo rí i fúnra mi. Nítorí náà, odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ rẹ, àbúrò mi, wò ó nígbà méjì. Wò ó ní oṣù kejì, kí o mọ̀ bóyá omi ṣì wà níbẹ̀. Wò ó ní oṣù kẹsàn-án, kí o mọ ibi tí ó ń gùn dé. Bí o kò bá lè dúró di oṣù kẹsàn-án, wo ara igi: pàǹtírí tí omi gbé há sẹ́ka igi yóò fi hàn ọ́. Nísàlẹ̀ àmì yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni kí o gbin nǹkan sí i.

Àwọn baba wa ní orúkọ fún irú ilẹ̀ yẹn: àkùrọ̀. Etí odò, ilẹ̀ tó ń tutù nígbà tí gbogbo ayé gbẹ. Òjò Ìbàdàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì máa ń tán ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Láti ìgbà yẹn títí òjò yóò fi padà, ẹ̀fọ́ di góòlù. Ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́ lóṣù kìíní, tí ọyẹ́ ń fẹ́, kì í gbé e lọ sọ́jà. Àwọn oníṣòwò ẹ̀fọ́ ló ń wá bá a lóko, wọn yóò ra bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò sì já a fúnra wọn. Ọmọ tó ní ilẹ̀ létí odò lọ́nà Àkànrán, tó ń wá ibi tí ojú ò tó, ibi tí ó yẹ kí ojú ọjà dé ló jókòó lé lórí.

Bí odò bá gbẹ, má rò pé omi ti tán. Lẹ́bàá odò tó ti gbẹ, omi kì í jìnnà sí ilẹ̀. Gbẹ́ kànga kékeré sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an. Bí o bá gbẹ́ ẹ lásìkò òjò, omi yóò tàn ọ́ jẹ, wàá dúró lókè, yóò sì gbẹ ní oṣù kejì. Jẹ́ kó jìnnà sí ṣáláńgá àti sí ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́.

Ní tèmi, ní àárín ìlú, òrùlé ló gbà mí. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Òjò mìlímítà kan lórí òrùlé mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Apá kan òrùlé wa tó mítà 40. Òjò alábọ́ọ́dé tó fún wa ní mìlímítà 20, ìyẹn lítà 800, bí díẹ̀ ò bá ṣòfò. Mo so gọ́tà páànù mọ́ etí òrùlé, mo darí rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tí mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo máa ń jẹ́ kí omi náà lọ, nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Dúrọ́ọ̀mù ò lè gbé ẹ̀ẹ̀rùn dé òpin, kí n má tàn yín. Ó ń gbé mi dé oṣù kejìlá. Lẹ́yìn náà, mo ra omi kànga lọ́wọ́ ilé kejì, mo sì dín bẹ́ẹ̀dì kù sí méjì.

Èló ni omi tí ẹ̀fọ́ ń mu? Lójú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà kan tó gùn ní mítà mẹ́ta ń fẹ́ bíi lítà 15 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, lítà 60. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méjì àti ààbọ̀ nìyẹn, lójoojúmọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Ṣe ìṣirò yìí kí o tó gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbẹ́ mẹ́fà nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn mi ló sọ fún mi pé mo ti ṣe é jù.

Pín omi náà sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Omi ọ̀sán, oòrùn ló ń mu ún. Omi alẹ́ pátápátá, ewé yóò sùn pẹ̀lú omi lára, ewédú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n. Ìdí rẹ̀ ni kí o dà á sí. Kí o tó rin ín, ki ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, fi sílẹ̀. Fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ àárín ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo ṣe ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì kan dín nínú omi tí mo ń lò. Ẹni tó ń gbìn ín lójú oko ńlá lè fẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi, mo sì rí i pé àwọn kan ń yá a ní ojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní òpin oṣù karùn-ún 2023, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ. Omi tí ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kì í béèrè epo. Nítorí náà, gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ sísàlẹ̀ ibi tí omi wà bó bá ṣeé ṣe.

Irúgbìn ńkọ́? Má kàn ra èyí tó bá ti rí. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso, wà ní Ìdí-Iṣin níbí láti 1975. Ọ̀pọ̀ wa ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láìmọ ohun tó wà nínú. Wọlé, béèrè.

Owó tí mo rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn kejì ò tó ra táyà ọkadà méjì. Mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ahoro kékeré ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà jẹ ẹ̀fọ́ yẹn, wọ́n sì ní kí n bu sí i.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ yẹn ní ohùn mẹ́jọ. Kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá ní, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ lè bá mi wo ilẹ̀ náà?" Mo mú ẹ̀gbọ́n mi dání ní Sátidé tó kọjá. Òun ló ní kí a jọ lọ, èmi ò bẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ náà dára. Ó dà gẹ̀rẹ̀ sí odò, pàǹtírí há sẹ́ka igi ní ìwọ̀n orúnkún mi, òkè àmì yẹn sì gbòòrò. A gbẹ́ ihò, a da omi sí i, ó fà. A tún da omi sí i, a jókòó sábẹ́ igi kòkó, a ń wo aago. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti sọ fún wa pé ẹnìkan ti gbé owó fún òun ná, owó irúgbìn àti owó ilẹ̀, pé òun ti ná díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí oògùn ìyá òun. Kò wo ojú wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a wí. Ó bi í pé, "Ṣé o mọ orúkọ ẹni náà?" Ó ní ìnagijẹ lòún mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, ó ní, "Èló ló kù lọ́wọ́ rẹ?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó sórí ewé kòkó. Ó ku ìdá kan nínú mẹ́ta tí a ò tíì mọ ibi tí a ó ti rí i, a ṣì ń wá a. Omi inú ihò gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fà tán.

Ẹ ó gbọ́ ibi tó dé nígbà tí a bá tún pàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní dúrọ́ọ̀mù àlòkù ní agbègbè Mápó sí Ọjàaba, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ọwọ́ wa ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó dàbọ̀.